Ìdí tí oúnjẹ fi ń pẹ́ nínú ẹni tí okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa

Tí okùn inú ọ̀pá-ẹ̀yìn bá fara pa, ẹsẹ̀ tí kò ṣeé gbé mọ́ ni gbogbo ojú ń rí. Wàhálà inú ikùn kì í hàn síta, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń yọ aláìsàn lẹ́nu.

Ikùn kì í kú o. Àpòlúkù àti ìfun ní iṣan ìmọ̀lára tiwọn, tó lè máa ti oúnjẹ síwájú láìdúró de àṣẹ ọpọlọ. Bákan náà, iṣan vagus, tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún àpòlúkù, kì í gba inú ọ̀pá-ẹ̀yìn kọjá rárá. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi ń dà nínú ẹni tó rọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

Kí ló wá ń fa ìlọ́ra? Vagus ló ń mú kí ikùn ṣiṣẹ́. Àwọn iṣan mìíràn wà tó ń fà á sẹ́yìn, àwọn wọ̀nyí ló sì ń gba ọ̀pá-ẹ̀yìn. Bí ọrùn tàbí òkè àyà bá fara pa, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ọpọlọ. Èèyàn lè rò pé ikùn á wá yára sí i nígbà tí ohun tó ń fà á sẹ́yìn ti já. Òdìkejì ló sábà ń ṣẹlẹ̀, nítorí ìṣọ̀kan àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ létòlétò. Nínú ẹni tára rẹ̀ dá, oúnjẹ líle máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò tán nínú àpòlúkù láàárín wákàtí 4. Nínú aláìsàn yìí, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ: òkèlè díẹ̀, ó ti yó, inú wú, èébì ń gbé e. Oògùn tó gbé mì pàápàá lè pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, torí ìfun kékeré ni ara ti ń gba ọ̀pọ̀ oògùn. Oògùn ìrora bíi morphine tún ń dá kún ìlọ́ra náà, nítorí náà ó yẹ kí dókítà yẹ oògùn tó ń lò wò kó tó fi òmíràn kún un.

Ní ti ìfun ńlá, àìlèyàgbẹ́ ló wọ́pọ̀. Jíjẹun máa ń ta ìfun yìí jí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn gbìyànjú àtiyàgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́.

Ẹni tó fara pa ní eegun tí dókítà ń pè ní T6 (eegun kẹfà nínú àwọn eegun ọ̀pá-ẹ̀yìn tó wà ní ẹ̀yìn àyà) tàbí lókè rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi. Ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ tó há lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lójijì, kí orí máa fọ́ ọ, kí ojú rẹ̀ máa làágùn. Ẹ gbé e jókòó, ẹ tú aṣọ tó fún un, ẹ wo bóyá rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá bí kò bá rọlẹ̀.