Ahéré Tó Ń Tẹ̀lé Jíìpù

Ọ̀rọ̀ àgọ́ kì í ṣàjèjì sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ́ igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá ọdẹ pàgọ́ sí, ìlú sì yí àgọ́ náà ká. Ṣùgbọ́n ahéré tí wọ́n de taya mọ́ nídìí, tí jíìpù ń wọ́ lọ sínú igbó, ọ̀nà jíjìn ló ti wá.

Tírélà ni wọ́n ń pè é, ẹ má rò ó mọ́ tírélà sìmẹ́ńtì o. Bí ẹ̀gbọ́n ọmọlanke ló rí: taya méjì, ibùsùn nínú, ìdáná àti omi lẹ́yìn.

Lọ́dún 1885, dókítà ará Scotland kan, William Gordon Stables, ní kí iléeṣẹ́ Bristol Wagon Works kan ilé onígi alẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún òun, irú èyí tí àwọn Roma, ẹ̀yà alárìnkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ń gbé kiri. Ẹṣin méjì ló ń fà á. Ọmọọ̀dọ̀ rẹ̀ a gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣíwájú, a máa kìlọ̀ fún ará ọ̀nà, àfi bí ìgbà tí oníkàkàkí ń ṣáájú Aláàfin. Fàájì pọ́ńbélé! Ilé náà tó tọ́ọ̀nù méjì. Ká ní ọ̀nà igbó Ọ̀yọ́ Ilé ló gbà lójò, ibẹ̀ ni ì bá sùn.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ tírélà di akọni. Iléeṣẹ́ mọ́tò Bantam ló kọ́kọ́ ṣe jíìpù fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 1940, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Willys àti Ford ni wọ́n kó iṣẹ́ ńlá náà fún. Ẹ wo ìyà! Tírélà kékeré tí jíìpù yóò máa fà ló wá kù fún Bantam. Taya jíìpù gan-an ni wọ́n fi sí i, nítorí náà ipa taya jíìpù lòun náà ń tẹ̀, taya ìpamọ́ kan ṣoṣo sì tó àwọn méjèèjì. Bó bá bọ́ sódò, ó ń léfòó. Nígbà tí ogun parí, àwọn kan fi taya jíìpù tó ṣẹ́ kù sábẹ́ àpótí ìsùn kéékèèké tí wọ́n ti ń kàn látọdún 1930 síwájú.

Ìṣòro tó kù ni oríkèé tó so ó mọ́ mọ́tò. Ti ojú títì, bọ́ọ̀lù irin ni, ife irin sì dé e lórí. Bí jíìpù bá já sí kòtò lápá ọ̀tún, tí tírélà ṣì fì sósì, ife náà á yí débi tí kò lè yí mọ́, ó lè tẹ̀, ó sì lè fò yọ. Àwọn tó ń wọ aginjù wá ṣe èyí tó ń yí síbi gbogbo.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ han ẹ̀gbọ́n wẹ́dà kan ní Tákíẹ́. Ó ki páìpù kan bọ inú òmíràn, ó ń yí i wò.

"Àbúrò, ọrùn ọwọ́ nìyí. Bí píìnì bá wá já ńkọ́?"

Mo ní ẹ̀wọ̀n méjì ni wọ́n ń so mọ́ ọn lábẹ́. Ó ní kí n mú fọ́tò ẹ̀wọ̀n náà wá.