Ẹ Ya Abẹ́ Ìrù Ẹyẹ Náà

Ọ̀pọ̀ àwòrán tí àwọn arìnrìn-àjò ń fi ránṣẹ́ sí mi, pé kí n bá wọn sọ irú ẹyẹ tó jẹ́, ló dùn-ún wò, àmọ́ mi ò rí nǹkan kan fà yọ nínú wọn. Ẹyẹ kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ wá ṣókùnkùn. Àgógó ẹnu, ẹsẹ̀, àyà àti abẹ́ ìrù ni mo fẹ́ rí, kí àwòrán ọ̀hún tiẹ̀ burẹ́wà.

Ẹ wo lékeléke. Ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yòówù ni ọ̀pọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù, ọrùn rẹ̀ kúrú, àgógó ẹnu rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Bí àgógó àti ojúgun bá dúdú, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ní àwọ̀ ìyeyè bí ẹni wọ sọ́ọ̀sì, ẹyẹ mìíràn nìyẹn, ẹja ló ń wá kiri létí omi.

Igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ìbátan ẹ̀gà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ibadan Malimbe. Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ló fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì, Malimbus ibadanensis, lọ́dún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé láyé yìí. Akọ rẹ̀ dúdú, ó pupa láti àtàrí dé àyà, ojú rẹ̀ sì dúdú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ní àwọn ìbátan tó jọ ọ́. Ọ̀kan pupa lórí, àmọ́ ọ̀fun àti àyà rẹ̀ dúdú. Ẹ yà á láti ẹ̀yìn, ẹ ò ní mọ̀. Òmíràn pupa lórí àti láyà, ó tún pupa lábẹ́ ìrù. Ti Ìbàdàn, abẹ́ ìrù rẹ̀ dúdú. Òkè igi ni wọ́n sábà máa ń wà, ọrùn á sì dun yín, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nísàlẹ̀ ló ń rí abẹ́ ìrù.

Ẹ má tètè gbé kámẹ́rà sílẹ̀ o. Àlùkò tó bà lórí igi lè dà bí ẹyẹ dúdú lásán. Ìgbà tó bá fò ni pupa ìyẹ́ apá rẹ̀ tó yọ. Fún ẹyẹ tó ń fò, ẹ fi iyára kámẹ́rà sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Nínú igbó tí kò mọ́lẹ̀, 1/500 tó fún èyí tó jókòó, kí ẹ sì gbé ISO sókè, ìyẹn ètò kámẹ́rà tó ń mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, bó tiẹ̀ ń fi hóró-hóró sí i. Àwòrán tó ní hóró-hóró sàn ju èyí tó ṣe bàìbàì lọ. Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ gba ohùn ẹyẹ náà sílẹ̀. Merlin, áàpù tí Cornell Lab, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, ṣe, máa ń dá ohùn àti àwòrán mọ̀, àmọ́ kì í ṣe Ifá. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà àti oṣù tó jẹ́ fún un. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù wá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá wa gbé. Bí áàpù bá ní òun ni ẹ rí lóṣù keje, ẹ tún un wò.

Ẹ má yọ lẹ́ǹsì gígùn nítòsí bárékè tàbí pápákọ̀ òfurufú, wọn ò ní gbà pé ẹyẹ lẹ wá wò. Tí ẹ bá dé abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín, kò burú, nítorí ọdẹ tó bá wà níbẹ̀ lè mú yín dé ibi tí ẹ ò lè dá dé.

Fóònù lè kọ ibi tí ẹ wà mọ́ àwòrán. Ti lékeléke ò séwu. Bó bá jẹ́ ihò igi tí odídẹrẹ́ yé sí ni, ẹ pa ibi tí fóònù kọ yẹn rẹ́ kí ẹ tó gbé àwòrán náà síta. Lọ́dún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, dìbò láti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó tà kọjá ibodè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jí ọmọ rẹ̀ kó ṣì wà, àwọn náà sì ní Facebook.