Oúnjẹ Àpọ̀jù Ló Ń Pa Ekòló Inú Ike

Ẹni tó bá ń sin ekòló nílé kó lè máa rí ajílẹ̀, kó má bẹ̀rù ebi fún wọn. Oúnjẹ àpọ̀jù ló ń pa wọ́n. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àsìkò máńgòrò ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Èèpo á kún ẹ̀yìnkùlé, onílé kò ní fẹ́ kó ṣòfò, á kó gbogbo rẹ̀ dà sínú ike. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, inú ike ti gbóná, ó ń rùn kíkan bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé, ekòló sì ti ń gun ara ike jáde.

Ìdí rẹ̀ ni pé ekòló kò ní eyín. Kò lè bu èèpo iṣu tútù jẹ. Èbu àti àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló máa kọ́kọ́ jẹ èèpo náà títí tí yóò fi rọ̀. Ìgbà náà ni ekòló á gbé e mì, tòun ti àwọn kòkòrò ọ̀hún, yanrìn inú iwe rẹ̀ á sì lọ̀ ọ́ kúnná, bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń ṣe nínú iwe adìyẹ. Nítorí náà, àwọn kòkòrò tíntìntín yẹn gan-an ni onílé ń bọ́. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ooru ń jáde, wọ́n sì ń lo afẹ́fẹ́. Oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru púpọ̀, afẹ́fẹ́ á tán. Awọ ara ni ekòló fi ń mí, kò sì síbi tó máa sá sí nínú ike.

Ekòló tó yẹ fún iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eudrilus eugeniae, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Ara rẹ̀ ń dán, ó ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀, òkè ilẹ̀ tí ewé àti ìgbẹ́ ẹran ti jẹrà ló ń gbé, kì í wa ihò jìn. Nítorí èyí, báfù tó fẹ̀ sàn fún un ju dúrọ́mù tó jìn lọ. Èyí tí ìwé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni Eisenia fetida, tó fẹ́ràn ibi tútù. Àmọ́ òtútù ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún lè pọ̀ jù fún un, ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé náà fi kún fún ìkìlọ̀ nípa òtútù. Lọ́dọ̀ wa, ooru àti ọyẹ́ ni ká máa ṣọ́. Ti ilẹ̀ wa yìí máa ń gbádùn ooru tó wà láàárín 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti kọjá 35, ewu dé. Abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn kì í dé ni ká gbé ike sí.

A ó lu ihò sí ìdí ike àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ká ya páálí wẹ́wẹ́, ká rẹ ẹ́, ká fún un, ká dà á pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ. Ibùsùn wọn nìyẹn. Láti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ tó, ká bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ká fún un. Bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó dára. Bó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Bí kò bá kán rárá, ó ti ń gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ká fi àpò kòkó tí a rẹ sómi bò ó, ká sì máa wọ́n omi sí i láràárọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí wọ́n ń kì pé wọ́n ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, èèpo iṣu àti èèrí ògì kò lè wọ́n níbẹ̀. Méjèèjì dára, àmọ́ èèrí máa ń dì, ó sì tètè ń kan, kí á máa pò ó mọ́ páálí. Èèpo ẹ̀wà tí a bó fún mọ́ínmọ́ín dára gan-an. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Ká sá a dáadáa kó tó wọlé. Ọbẹ̀ tó ní iyọ̀ àti epo, ẹran, ata, èèpo ọsàn, ká má fi síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lóògùn aràn. Èèpo máńgòrò, díẹ̀díẹ̀ ni, ká gé e wẹ́wẹ́, ká bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ páálí. Ìyókù di ti ewúrẹ́. Ká má fi òmíràn sí i títí ti ìṣáájú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Bí ike bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ló tán. Ká dáwọ́ oúnjẹ dúró, ká fọwọ́ tú u díẹ̀, ká fi páálí gbígbẹ kún un. Bí ó bá ń rùn kíkan, èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná ló máa pa kíkan náà. Eérú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré bù, nítorí òun ló wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ eérú púpọ̀ máa ń jó awọ ekòló. Èèrà nínú ike sábà máa ń fi hàn pé ó ti gbẹ jù. Ìjàlọ ní tiẹ̀ máa ń pa wọ́n tán lóru ọjọ́ kan, torí náà ká gbé ike sórí àga, ká ki ẹsẹ̀ àga bọ inú agolo omi.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ike á ti dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ajílẹ̀ náà nìyẹn. Ká máa fi oúnjẹ sí apá kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á kó lọ síbẹ̀, ká wá kó apá kejì. Ká wo inú rẹ̀ dáadáa fún ẹyin wọn, tó kéré bí hóró ọkà bàbà, nítorí láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n máa pa. Ká dá ẹyin padà sínú ike, ká sì po ajílẹ̀ náà mọ́ erùpẹ̀, ìwọ̀n kan sí mẹ́ta, fún tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú ẹ̀yìnkùlé.