Kí ló dé tí tíṣà fi fagi lé àwòrán ẹ̀wà tó rẹwà? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin kíláàsì Bàyọ́lọ́jì

Bí sáà tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lẹ òfin kíláàsì Bàyọ́lọ́jì mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láàbù, mo sì máa ń fi ẹ̀dà kan rán àwọn ọmọ sílé. Kì í pẹ́ tí ìbéèrè fi ń wọlé. Àwọn òbí á bi mí ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, àwọn ọmọ á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn kíláàsì. Mo kó àwọn tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí, pàápàá nítorí àwọn tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1.

Ìbéèrè: Ọmọ mi mọ àwòrán yà gan-an. Ó ya ẹ̀wà, ó fi pẹ́ńsù kùn ún, àfi bíi fọ́tò. Tíṣà fagi lé e. Kí ni ọmọ náà ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ọmọ náà mọ̀ ọ́n yà lóòótọ́, mi ò sì ní fẹ́ kó jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán Bàyọ́lọ́jì, ẹ̀rí ni. Ẹni tó ya á ń jẹ́rìí sí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ rẹ ẹ̀wà olójú dúdú kan sómi mọ́jú, kí ẹ mú un sọ́wọ́ láàárọ̀. Níbi tó ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, láàárín dúdú yẹn, ẹ ó rí àpá kékeré kan tó ṣe gbọọrọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀wà ti so mọ́ èèpo tó bò ó nígbà tó wà lóko, bí ìdodo tiwa náà ṣe jẹ́ àpá ibi tí a ti so mọ́ ìyá wa. Hilum ni wọ́n ń pè é. Ní ẹ̀gbẹ́ àpá yẹn gan-an, ihò kan wà tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, òun ni micropyle. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rọra fún ẹ̀wà náà. Omi bíńtín á yọ jáde láti inú ihò yẹn, á dúró bí ìrì.

Ọmọ tó fi pẹ́ńsù kun ojú dúdú ẹ̀wà ti bo àpá àti ihò yẹn mọ́lẹ̀. Ohun tí a rán an pé kó lọ wò kò sí nínú ohun tó mú bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kun àwòrán. Pẹ́ńsù HB tó mú la fẹ́, àti ìlà kan ṣoṣo tó dán, kì í ṣe ìlà onírun tí wọ́n fà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ara wọn. Kí àwòrán náà tóbi dáadáa, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ihò bíńtín han ẹlòmíràn nínú àwòrán tí kò ju ẹ̀wà fúnra rẹ̀ lọ. Rúlà ni kí ó fi fa ìlà tó so orúkọ mọ́ ẹ̀yà ara. Ìlà náà gbọ́dọ̀ fara kan ohun tó ń tọ́ka sí, kò gbọ́dọ̀ ní orí ọfà, ìlà méjì kò sì gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn. Pẹ́ńsù náà ni kí ó fi kọ orúkọ wọn, torí ẹni tó bá tún wo nǹkan lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ lè pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́. Bírò kì í jẹ́ kí èèyàn yí ọkàn padà.

Ìbéèrè: Sà, kí ni ×8 tí ẹ ní ká máa kọ sábẹ́ àwòrán? Mo kọ ọ́, ẹ tún gé máàkì mi.

Ìdáhùn: Ó ń sọ iye ìgbà tí àwòrán rẹ fi tóbi ju ohun tí o yà lọ. Fi rúlà wọn ẹ̀wà: ká ní ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1.2. Wọn àwòrán rẹ ní ibi kan náà: ká ní ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9.6. Fi 1.2 pín 9.6, ó di 8. O wá kọ ×8. Ìwọ kọ 8 cm, ìyẹn ni mo ṣe gé e. A ti fi sẹ̀ǹtímítà pín sẹ̀ǹtímítà, kò sí sẹ̀ǹtímítà kankan tó ṣẹ́ kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kan fi àwòrán pín ẹ̀wà dípò kí wọ́n fi ẹ̀wà pín àwòrán, ó wá dà bíi pé àwòrán wọn kéré ju ẹ̀wà lọ. Má sì máa méfò. Mo máa ń rí i tí wọ́n kọ ×2 sábẹ́ gbogbo àwòrán láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn láìfọwọ́ kan rúlà.

Ìbéèrè: Ọmọ mọ ìdáhùn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì kọ. Ṣé ó yẹ kí wọ́n tìtorí lẹ́tà kan fi máàkì dù ú?

Ìdáhùn: Ó dùn mí nígbà míì tí mo bá ń ṣe é, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ileum jẹ́ apá kan ìfun kékeré. Ilium, egungun ìbàdí ni. Lẹ́tà kan ló yà wọ́n. Ureter ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín lọ sínú àpò ìtọ̀, urethra sì ń gbé e láti inú àpò ìtọ̀ jáde síta. Ẹni tó fẹ́ gun ọ̀pẹ tó ní kí ẹ gbé igbà wá, bí ẹ bá gbé igbá fún un, ṣé yóò gùn ún? Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ yìí lè di nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, yóò sì máa kọ orúkọ ẹ̀yà ara sínú fáìlì aláìsàn. Inú ìwé mi ni mo fẹ́ kó ti ṣàṣìṣe tán.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a fi ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ bíi Manihot esculenta, tí wọ́n ń pe ẹ̀gẹ́ nínú sáyẹ́ǹsì? Kí ló ṣe ẹ̀gẹ́?

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀gẹ́. Àmọ́ ẹlòmíràn tó jókòó tì ọ́ á ní pákí ni, ẹlòmíràn á ní gbágùúdá ni, Yorùbá sì ni gbogbo yín. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, manioc ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ní Bràsílì, mandioca ni. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló fìdí àṣà orúkọ méjì múlẹ̀ fún ewéko nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1753, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ohun kan náà la ń sọ. Orúkọ àkọ́kọ́ ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, ìkejì ń fi lẹ́tà kékeré. Nínú ìwé títẹ̀, wọ́n á fi lẹ́tà tó dagun tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wa ò lè ṣe ìyẹn, la ṣe ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ máa ń gún àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò?

Ìdáhùn: Rárá. Abẹ́rẹ́ tí èèyàn méjì bá jọ lò lè kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tàbí kòkòrò HIV láti ara ẹnì kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù ọmọ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, ó sì yẹ kí ẹ lọ.

Ìbéèrè: Sà, nígbà tí a fẹ́ lo ẹtanọ́ọ̀lù, ẹ kọ́kọ́ paná. Báwo ni yóò ṣe wá gbóná?

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí òfin yìí ni mi ò lè fojú fò láé. Ẹtanọ́ọ̀lù, ọtí líle ni, ó sì tètè ń gbaná.

Ewé la fẹ́ yẹ̀ wò, bóyá ó ti ṣe sítáàṣì, ìyẹn oúnjẹ tí ewé ń tọ́jú pa mọ́. A kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú kan, kó lè rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń pa sítóòfù. Kì í ṣe pé kí ẹ dín iná kù, kí ó kú pátápátá ni. Ìgbà yẹn ni ìgò ẹtanọ́ọ̀lù tó lè jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. A ó da díẹ̀ sínú tẹ́sìtúùbù, a ó ki ewé bọ̀ ọ́, a ó sì gbé tẹ́sìtúùbù náà dúró sínú omi gbígbóná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Omi ń hó ní 100°C, ẹtanọ́ọ̀lù ń hó ní nǹkan bíi 78°C. Ooru tó kù nínú omi yẹn ti tó o. Wàá rí i tó ń hó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọ̀ ewé ń ṣí bọ́ sínú rẹ̀, títí ewé fi máa funfun ràkọ̀ràkọ̀, tí ẹtanọ́ọ̀lù á sì di àwọ̀ ewé.

Oru ẹtanọ́ọ̀lù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín, ńṣe ló máa ń rá lórí tábìlì. Bí iná bá ń jó ní òdìkejì tábìlì, oru yẹn lè rá débẹ̀, kí iná sì gba ọ̀nà tó gbà wá padà sínú tẹ́sìtúùbù tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìdí kan náà la fi ní kí ẹ di irun yín, kí ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀.

Ewé náà á ti gan, a ó tún rì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ kó lè rọ̀, a ó tẹ́ ẹ sórí àwo funfun, a ó wá kán áyódíìnì sí i. Áyódíìnì pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Níbi tí sítáàṣì bá wà, á di àwọ̀ aró, bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni pírátíkà? Ọmọ mi ti há ìwé rẹ̀ sórí tán.

Ìdáhùn: Dandan ni. Nínú ìdánwò WAEC, ìwé ìbéèrè kẹta (Paper 3), ìyẹn ti pírátíkà, jẹ́ wákàtí méjì, máàkì 80 ló sì dá lé. Ìbéèrè oní-mú-ọ̀kan 50 tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́, máàkì 50 ni. Kò sí ìwé tí èèyàn lè há tí yóò sọ fún un bí tòmátì tó wà níwájú rẹ̀ ṣe rí nínú lọ́jọ́ ìdánwò.

Ìbéèrè: Bí àbájáde mi bá yàtọ̀ sí ti ìwé ńkọ́? Ṣé kí n kọ ti ìwé?

Ìdáhùn: Kọ ohun tí o rí. Nínú gbogbo òfin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí ni mo fi sókè pátápátá.

Mo fún kíláàsì SS2 kan ní ohun méjì láti fi omi Benedict yẹ̀ wò: oyin, àti ṣúgà pákẹ́ẹ̀tì tí a pò mómi. Omi Benedict jẹ́ búlúù. Bí a bá gbé e sínú omi gbígbóná pẹ̀lú àwọn ṣúgà kan, á di àwọ̀ ewé, á pọ́n bí ọsàn, á sì pupa bíi bíríkì níkẹyìn. Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ pé méjèèjì pupa. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó jókòó lẹ́yìn ló kọ pé oyin pupa, ṣúgà dúró ní búlúù. Ó ti fẹ́ pa á rẹ́ nígbà tó rí ìwé àwọn tó kù, mo sì dá a dúró.

Òun ló gbà á. Ṣúgà pákẹ́ẹ̀tì, súkúróòsì ni. Ṣúgà méjì, glúkóòsì àti frúkítóòsì, ló so pọ̀ nínú rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe wà lẹ́nu ara wọn yẹn, wọn ò lè yí àwọ̀ omi Benedict padà. Nínú oyin, wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní kí ó mú ṣúgà míì, kí ó fi ásíìdì tí a ti bomi là sè é fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó fi sódà pa ásíìdì náà títí kò fi ní hó mọ́, kí ó wá da omi Benedict sí i, kí ó sì tún gbé e sínú omi gbígbóná. Gbogbo wọn pé jọ yí i ká. Ó gbé tẹ́sìtúùbù sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ti pupa.