Bí Ọjọ́ 15 Oṣù Kìn-ín-ní Ṣe Di Ọjọ́ Àwọn Sójà

Oyé mú gan-an ní Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti fi aṣọ bora nínú yàrá, nígbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin sáré wọlé. "Bàbá, ẹ wá wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n! Wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní Àbújá. Ṣé wọn ò ní jẹ wọ́n ni?" Lójú tirẹ̀, ẹyẹlé tó bá fò lọ, ẹran ọbẹ̀ ló fò lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ló tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀: "Kí ló dé tó fi jẹ́ òní ni wọ́n ń tú wọn?"

Ìbéèrè kejì yẹn ló le. Mo ní kí wọ́n wá jókòó.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ti kú, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ló gbé èyí àkọ́kọ́ wá. Lọ́dún 1918, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ọmọkùnrin náà fẹ́ ka mọ́kànlá náà wò, ìka ọwọ́ ò tó, ó fi ti ẹsẹ̀ kún un. Nígbà tó di ọdún 1919, ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ní kí gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òun dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì ní aago náà. Abẹ́ rẹ̀ ni Nàìjíríà wà, àwa náà bá wọn dákẹ́. Òdòdó pupa kan tó máa ń hù ní pápá ogun ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àmì ọjọ́ náà. Wọ́n á fi bébà ṣe é, wọ́n á gún un mọ́ àyà aṣọ.

Ọmọbìnrin náà ní, "A ò ní irú òdòdó yẹn níbí."

A ò ní in lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ní òkú. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Kamẹrúùnù àti Ìlà-oòrùn Áfíríkà nínú ogun àkọ́kọ́ yẹn, àwọn mìíràn gẹ́gẹ́ bí sójà, àwọn mìíràn gẹ́gẹ́ bí aláàárù tí ń ru ẹrù ogun. Nínú ogun kejì, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bọ́mà, kí wọ́n lọ bá àwọn ará Japan jà nínú igbó kìjikìji. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkó láyé àtijọ́ yóò rántí Sójà Ìdúmọ̀tà. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n torí wọn gbé ère náà kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun tiwa dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ìlú wa.

Lóru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn sójà kan, tí púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọn jẹ́ méjọ̀, dìtẹ̀ sí ìjọba. Wọ́n pa Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, ní Kàdúná. Wọ́n gbé Olórí Ìjọba, Abubakar Tafawa Balewa, lọ ní Èkó, kò sì padà wálé mọ́. Ní Ìbàdàn, wọ́n yìnbọn pa Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ibí ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, ọdún 1910. (Mo ní kí àwọn ọmọ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn.) Ó ṣe tíṣà ní ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi, ó ṣe akọ̀ròyìn, ó di lọ́yà, Aláàfin sì fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan tó ń ka èyí ò tíì yọ́ sí Akíntọ́lá láti ìgbà wẹ́tíẹ̀. N kò bá yín jà. Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ ni pé àárín àwọn olóṣèlú Yorùbá ti dàrú kó tó di ọjọ́ yẹn, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun ènìyàn. Síbẹ̀, kí ìbọn wá ká ènìyàn mọ́lé lóru kì í ṣe ọ̀nà tí a fi ń parí ìjà.

Kò sì parí ìjà. Ìdìtẹ̀ yẹn bí òmíràn nínú oṣù Keje ọdún kan náà. Wọ́n pa àwọn Ìgbò tó ń gbé ní Òkè Ọya nípakúpa, àwọn tó kù sá padà sílé, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-oòrùn, sì kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1967 pé agbègbè òun ti ya kúrò lára Nàìjíríà, ó pè é ní Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje.

"Bàbá! Ọjọ́ ìbí yẹn!"

Òun náà ni. Ọjọ́ tí Akíntọ́lá ì bá pé ọmọ ọdún 57 ni ìbọn àkọ́kọ́ dún. Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ inú ọdún ò ju 366 lọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé sì pọ̀ jù wọ́n lọ, wọn ò lè ṣàì kọlu ara wọn.

Oṣù ọgbọ̀n ni wọ́n fi jà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun tí òkìkí wọn kàn jù ni Benjamin Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Àkéekèé Dúdú. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 1969, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ipò rẹ̀. Iye òkú tí wọ́n máa ń fojú dá jẹ́ láti mílíọ̀nù kan sí mẹ́ta, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin náà sún mọ́ mi lára.

Nígbà tí agbára Biafra pin, Ojukwu lọ sí Ivory Coast, ó fi igbákejì rẹ̀, Philip Effiong, sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970, Effiong wá sí Bárékè Dodan ní Èkó, ó sọ níwájú Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, pé Biafra ti tán. Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun.

Ọdún mẹ́rin géérégé sí òru tí wọ́n pa Akíntọ́lá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti 1966. Ti 1970 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí àwọn àgbà ń pè ní ọjọ́ àbọ̀, ọjọ́ tí ẹni tó lọ ń padà sílé.

Lẹ́yìn ogun ni ìjọba gbé ìrántí náà kúrò nínú oṣù Kọkànlá. Ó dára bẹ́ẹ̀: kí ló dé tí a ó fi máa sunkún òkú wa ní ọjọ́ tí ìbọn Òyìnbó dákẹ́, nígbà tí ìbọn tiwa ní ọjọ́ tirẹ̀? Ṣùgbọ́n 1970 nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ yan ọjọ́ náà. Àwọn tí wọ́n pa lóru 1966 ńkọ́? Brigedíà Ademulegun àti Brigedíà Maimalari wà lára wọn, sójà sì ni wọ́n. Bí mo bá ń wo òdòdó tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní Àbújá, àwọn náà ni mò ń rò.

Ti ẹyẹlé wá ńkọ́? Àmì àlàáfíà ni, láti inú ìtàn Nóà. Àdàbà ni Bíbélì wí, àmọ́ ẹyẹlé ni wọ́n ń tú níbí, èmi ò sì rí i pé wọ́n ṣì í yàn. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Bóyá ẹni tó yàn án ronú dé ibẹ̀, bóyá kò ronú dé ibẹ̀.

Àwọn ọmọ ní kí n tún sọ òmíràn tó bọ́ sí ọjọ́ náà. Mo sọ ti Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1919, nígbà tí táńkì ńlá kan tí oje ìrèké dúdú kún inú rẹ̀ bẹ́, tí ṣúgà ya wọ àdúgbò bí odò, tó sì pa ènìyàn 21. Wọn ò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Mo sọ ti Martin Luther King, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n bí lọ́dún 1929, àti ti bàálù tó já sójú odò Hudson ní New York lọ́dún 2009 nítorí pé ẹyẹ wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gbogbo ènìyàn 155 inú rẹ̀ ló yè.

"Ẹyẹ náà tún ni?" Ọmọbìnrin náà dìde. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi àgò ẹyẹlé aládùúgbò wa, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Ó ní méje ló wà nílé, ọ̀kan ò tíì dé.