Ìkìlọ̀ àìtó mẹ́mọ́rì lórí kọ̀ǹpútà

Ìkìlọ̀ àìtó mẹ́mọ́rì ni fèrèsé kékeré tí Windows máa ń gbé síwájú ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà nígbà tí mẹ́mọ́rì tó lè pín fún àwọn áàpù bá kù díẹ̀ kó tán. Ohun tó sábà máa ń wà lára rẹ̀ ni "Your computer is low on memory", pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí onítọ̀hún fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kó sì pa àwọn áàpù tó ṣí. Nígbà mìíràn yóò dárúkọ áàpù kan, yóò sì béèrè bóyá kí òun pa á. Láti ìgbà Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, ni apá tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú Windows. Lórí Windows XP tó ṣáájú rẹ̀, ìkìlọ̀ tó jọ ọ́ máa ń yọ ní igun ìsàlẹ̀, á ní "virtual memory" ti kéré jù, òun sì ń fi kún un.

Ìkìlọ̀ yìí yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ pé díìsìkì ti kún. Àwọn méjèèjì máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, torí pé lórí fóònù, mẹ́mọ́rì ni a ń pe ibi tí fọ́tò àti fídíò ń gbé. Lórí kọ̀ǹpútà, RAM ni mẹ́mọ́rì: ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ wà, ohun gbogbo inú rẹ̀ sì ń pòórá tí iná bá lọ. Díìsìkì ni ibi ìpamọ́. Ẹni tó bá pa ogún fíìmù rẹ́ nítorí ìkìlọ̀ mẹ́mọ́rì lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Ó sì lè rí i. Bí Windows ṣe ń ṣírò ló fà á.

Bí Windows ṣe ń ṣírò

Kì í ṣe RAM nìkan ni Windows ń wò. Ó ní fáìlì kan tó fi pamọ́ sórí díìsìkì, pagefile.sys lorúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń kó ohun tí a kò lò fún ìgbà díẹ̀ lọ láti inú RAM. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: kọ̀ǹpútà Atlas tí Tom Kilburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ní Yunifásítì Manchester, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ló kọ́kọ́ lò ó.

RAM àti pagefile.sys, tí a bá rò wọ́n pọ̀, ni òpin ohun tí Windows lè ṣèlérí fún gbogbo áàpù. Kọ̀ǹpútà tó ní RAM 8 GB àti pagefile.sys 4 GB kò lè ṣèlérí ju nǹkan bíi 12 GB lọ. Áàpù tó bá béèrè 1 GB ti gba ìlérí 1 GB nìyẹn, bí kò tilẹ̀ tíì lò ju ìdámẹ́wàá rẹ̀ lọ. Windows dà bí onílé tí kì í gbowó lórí yàrá tí kò tíì kọ́: bí ìlérí bá ti ń súnmọ́ òpin, ìkìlọ̀ á yọ, àní bí RAM gidi bá ṣì kù nílẹ̀. Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣèlérí ju ohun tó ní lọ, ní ìrètí pé gbogbo wọn kò ní wá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n bá sì wá, yóò mú ọ̀kan nínú wọn pa láìkìlọ̀. Lórí Mac, fèrèsé kan á yọ tó ní mẹ́mọ́rì áàpù ti tán, á sì to àwọn áàpù tó ṣí kalẹ̀ kí ẹni tó ni ín mú èyí tí yóò pa.

Tí a bá fi pagefile.sys sílẹ̀ fún Windows láti bójú tó, ó lè tóbi dé ìlọ́po mẹ́ta RAM, tàbí 4 GB bí èyí bá pọ̀ jù, àmọ́ kì í sábà kọjá ìdá kan nínú mẹ́jọ díìsìkì. Kò sì lè tóbi síbi tí àyè kò sí. Nígbà tí díìsìkì C bá kún, òpin ìlérí ò lè sún síwájú mọ́, ìkìlọ̀ mẹ́mọ́rì á sì máa yọ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní àlébù kankan ju fíìmù àti fáìlì ìsọ̀kalẹ̀ tí wọ́n kó jọ sínú rẹ̀ lọ.

Wíwá ẹlẹ́bi

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ní wíwò ni Task Manager, tó máa ń ṣí tí a bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ní Performance, lábẹ́ Memory, wọ́n kọ Committed síbì kan, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi 11.4/11.9 GB. Èyí àkọ́kọ́ ni ìlérí tó ti lọ, èkejì ni òpin. Bí méjèèjì bá ti ń fara kanra báyìí, ìkìlọ̀ ò jìnnà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ibẹ̀. Ìpín RAM tó wà lókè ni wọ́n ń wò, èyí tó lè má tíì pé 80% nígbà tí ìkìlọ̀ bá yọ.

Àtòkọ tó wà ní Processes náà lè ṣini lọ́nà, torí RAM tí áàpù ń lò lọ́wọ́ ló ń fi hàn, kì í ṣe ìlérí tó gbà. Ẹni tó fẹ́ rí ìlérí á lọ sí Details, á fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ òpó kan, á yan Select columns, á sì máàkì Commit size. Áàpù tí nọ́ńbà rẹ̀ ń ga sí i láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí kò wálẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dínkù, mẹ́mọ́rì ń jò níbẹ̀: ó ń gbà, kò dá padà.

Bí ìkìlọ̀ bá ti kọjá lọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Nínú Event Viewer, lábẹ́ Windows Logs àti System, Windows máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ Resource-Exhaustion-Detector, nọ́ńbà 2004, á sì dárúkọ àwọn áàpù tó gba mẹ́mọ́rì jù lásìkò náà. Bó ṣe máa ń rí nìyí: "chrome.exe (5124) consumed 3221225472 bytes". 5124 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Windows fún áàpù náà nígbà tó ṣí. Èyí tó gùn yẹn jẹ́ 3 GB géérégé. Àkọsílẹ̀ yìí ṣeé gbára lé ju ohun tí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bá rántí lọ, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kì í sábà ṣí i.

Ìgbà mìíràn wà tí áàpù kankan ò gba púpọ̀, síbẹ̀ tí Committed ga. Ẹni tí a ó fura sí nígbà náà ni driver, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń bá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, káàdì àwòrán tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Ohun tí driver bá gbà kì í hàn lábẹ́ orúkọ áàpù. Non-paged pool tàbí Paged pool ló ti ń yọjú, nísàlẹ̀ ojú-ewé Memory kan náà. Bí Non-paged pool bá ti di GB bíi mélòó kan lórí kọ̀ǹpútà ilé, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Ibí yìí gan-an ni pípa kọ̀ǹpútà ní alẹ́ kì í ti í ṣèrànwọ́. Láti Windows 8 ní 2012, Shut down máa ń fi ọkàn Windows àti àwọn driver pamọ́ sórí díìsìkì bí wọ́n ṣe wà, kí kọ̀ǹpútà lè tètè tàn, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń jò á bá a jí láàárọ̀. Restart kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo lákọ̀tun. Driver tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ló sábà máa ń yanjú rẹ̀ pátápátá.

Àtúnṣe

Bí ìkìlọ̀ bá ṣe yọ, iṣẹ́ tó wà lójú ni kí a kọ́kọ́ fi pamọ́, torí áàpù tí Windows bá kọ̀ láti fún ní mẹ́mọ́rì lè kú lójijì. Lẹ́yìn náà ni a ó pa áàpù tó gbà jù. Bráúsà ló sábà máa ń jẹ́. Chrome máa ń ya táàbù sọ́tọ̀ síra wọn kí ọ̀kan tó bá dákú má baà kó bá ìyókù, mẹ́mọ́rì sì ni owó ààbò náà. Tí a bá tẹ Shift àti Esc nínú Chrome, Task Manager tirẹ̀ á ṣí, táàbù tàbí extension (àfikún tí a fi sínú bráúsà) tó ń jẹun jù á sì hàn.

Pagefile.sys tí ẹnìkan ti pa tàbí tí ó ti fi òté lé tún wà lára ohun tó ń fa ìkìlọ̀ yìí. Ìmọ̀ràn kan ń káàkiri pé kí ẹni tó ní SSD, ìyẹn díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, pa á kí díìsìkì lè pẹ́. Ìmọ̀ràn náà kò dára. Láti dá a padà, a ó tẹ bọ́tìnì Windows àti R, a ó kọ sysdm.cpl, a ó lọ sí Advanced, sí Settings tó wà lábẹ́ Performance, sí Advanced lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó tẹ Change, a ó sì máàkì "Automatically manage paging file size for all drives". Lẹ́yìn náà, Restart.

Bó bá jẹ́ díìsìkì ló kún, Settings, System, Storage ni ojú ọ̀nà, níbi tí Temporary files wà. Ẹni tí kì í lo Hibernate, ìyẹn pípa kọ̀ǹpútà lọ́nà tí iṣẹ́ tó ṣí fi ń wà ní ìpamọ́ lórí díìsìkì, lè gba GB bíi mélòó kan padà pẹ̀lú àṣẹ powercfg /h off, tí a ń kọ sínú Command Prompt tí a ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Àṣẹ náà á pa fáìlì hiberfil.sys rẹ́, láti ìgbà náà lọ Shut down á sì máa pa kọ̀ǹpútà tán pátá.

Àwọn áàpù tó ń pe ara wọn ní afọ-mẹ́mọ́rì kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kàn ń lé nǹkan kúrò nínú RAM lọ sínú pagefile.sys ni. Ìlérí kò dínkù, kọ̀ǹpútà a sì lọ́ra sí i nígbà tó bá tún ń kó wọn padà.

Bí iṣẹ́ tí a ń ṣe lójoojúmọ́ bá ju RAM lọ, RAM ni kí a rà. 4 GB ni Microsoft kọ sílẹ̀ pé ó kéré jù fún Windows 11, iye yìí sì ni ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń dé Computer Village ní Ìkẹjà gbé wá. Windows àti bráúsà nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Kí a tó lọ sọ́jà, Task Manager á sọ fún wa ní Slots used bóyá ojú kan tí a ń ki RAM bọ̀ ṣì ṣófo. Irú RAM sì ṣe pàtàkì: DDR3 kò wọ ojú DDR4, bẹ́ẹ̀ ni DDR4 kò wọ ojú DDR5, torí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gé wọn lẹ́nu. Lórí àwọn láàpútọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sì sí ohun tí a lè fi kún un. Windows onípele 32-bit tí àwọn èèyàn ń lò sílé kì í lò ju 4 GB lọ bó ti wù kí a fi kún un tó.

RAM tó bàjẹ́ kì í fa ìkìlọ̀ yìí. Kí ojú kọ̀ǹpútà di búlúù lójijì, kó sì tún ara rẹ̀ tàn, ni àmì tirẹ̀, mdsched.exe tó wà nínú Windows ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.