Bí fáìlì ṣe ń rìn ní sẹkitéríàtì

Ẹni tó bá ti kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba rí, yálà nítorí ilẹ̀ ni o, owó ìfẹ̀yìntì ni o, á ti gbọ́ ọ rí: "Fáìlì yín ti wà lórí tábìlì ọ̀gá." Á padà sílé, á tún wá lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn ó tún sọ fún un. Iṣẹ́ rẹ́jísìrì, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà tí wọ́n sì ń tọ́jú fáìlì, ni mo fi jẹun. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn káńtà wa kì í bi wá pé "Ó ti yá àbí kò tíì yá?" Ìbéèrè mìíràn ló máa ń bi wá, kíláàkì á sì dìde lórí àga.

Lẹ́tà tí ẹ mú wá kì í kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kankan. Ọ̀dọ̀ wa ló ń dé. A ó lu òǹtẹ̀ tó ní déètì lé e, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí a fi ń gba lẹ́tà wọlé: ọjọ́ tó dé, ẹni tó kọ ọ́, ohun tó dá lé lórí. Lẹ́yìn náà la ó wá fáìlì tó ni ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sí, a ó ṣí tuntun, a ó fún un ní nọ́ńbà. A ó lu igun lẹ́tà náà ní ihò lápá òsì lókè, a ó ti okùn fáìlì bọ̀ ọ́, a ó wá fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí igun ọ̀tún. Nọ́ńbà pupa yẹn là ń pè ní fólíò. Bí lẹ́tà yín bá jẹ́ fólíò 14, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kí àlàfo má hàn láàárín 13 sí 15. Ètò yẹn wù mí púpọ̀. Ayé òyìnbó amúnisìn ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá dé ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tó ní kí wọ́n gbé fáìlì Oyo Prof (ti ẹkùn Ọ̀yọ́ ayé ìgbà náà) tàbí CSO 26 (ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn) fún òun, á rí bí àwọn ajẹ́lẹ̀ ṣe ń kọ̀wé síra wọn lórí ọ̀rọ̀ ọba, owó orí àti ààlà ilẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ síra wọn nínú fáìlì, mínítì ni. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ mínítì ìpàdé ẹgbẹ́ yín o. Dáírẹ́kítọ̀ á kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sí igbákejì rẹ̀, á fọwọ́ sí i, á kọ déètì. Igbákejì á kọ ọ́ sí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, títí á fi kan òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Òun ló máa ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ilẹ̀, òun ló máa kọ ìmọ̀ràn rẹ̀, fáìlì á sì tún máa gun àkàsọ̀ náà padà sókè. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọ̀gá ti kọ "treat" sórí lẹ́tà yín, ẹ má tíì pe ẹbí jọ. Kò tíì gbà, kò sì tíì kọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Ìkékúrú mẹ́ta kan wà nínú mínítì tó ṣe pàtàkì jù. KIV ("keep in view") ni pé kí wọ́n fi ojú sí ọ̀rọ̀ náà lára, ó ń dúró de nǹkan: owó ìsúnná ni, èsì láti iléeṣẹ́ mìíràn ni. Òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń sùn sí, pàápàá bí ọ̀gá kò bá kọ ọjọ́ sí i. BU ("bring up") sàn jù ú lọ, torí ó máa ń ní ọjọ́ nínú: kíláàkì á kọ ọjọ́ náà sínú ìwé rẹ̀, bí ọjọ́ bá pé, á gbé fáìlì padà síwájú ọ̀gá. PA ("put away") ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n dá fáìlì padà sí àyè rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ PA tí ẹ kò sì tíì rí èsì gbà, ẹ kọ lẹ́tà mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

Fáìlì kì í kúrò ní rẹ́jísìrì kí a má kọ ọ́ sọ́rùn ẹnì kan. Ìwé wà fún ìyẹn. Èyí ni ìbéèrè tí mo ní ó ń mú kíláàkì dìde: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fáìlì nọ́ńbà báyìí, ọrùn ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọjọ́ wo?" Ẹni tó bá béèrè báyìí ti fi hàn pé òun mọ̀ pé ìwé náà wà. Àwọn kan á sọ fún yín pé fáìlì kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kí ẹ "ṣe nǹkan". Lójú tèmi, owó yẹn kì í gbé e kọjá tábìlì kan. Tábìlì tó kàn á ti gbọ́ pé ẹ máa ń sanwó.

Nípa lẹ́tà yín fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ kan ni kí lẹ́tà kan gbé. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ ìgbéga àti ọ̀rọ̀ àjẹsílẹ̀ owó oṣù pọ̀ sínú ẹyọ lẹ́tà kan, fáìlì kan ṣoṣo ló máa wọ̀, ọ̀rọ̀ kejì á sì kú síbẹ̀. Ẹ kọ àkọlé tó ṣe kedere. Bí ẹ bá ti kọ irú rẹ̀ rí, ẹ kọ nọ́ńbà àti déètì ti àkọ́kọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ tó ní déètì sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ìsọfúnni nìkan lẹ ń béèrè, òfin òmìnira ìsọfúnni ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ọ́ ní 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún òun.

Bí wọ́n bá ní fáìlì yín sọnù ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n ṣí fáìlì onígbà díẹ̀. Ó wà nínú ètò iṣẹ́ wa, ojú rere kọ́ ni wọ́n ń ṣe yín. Àwọn ẹ̀dà ọwọ́ yín tó ní òǹtẹ̀ ni wọn ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ lórí rẹ̀, bí wọ́n bá sì rí ògbólógbòó fáìlì náà lẹ́yìn ọ̀la, wọn ó so méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ àwọn tó ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹni ọgọ́ta ọdún àti ẹni tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́: ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín, lẹ́tà tí wọ́n fi fìdí yín múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àti ti ìgbéga tó kẹ́yìn, kí ẹ tó fi oṣù mẹ́ta sọ fún ọ̀gá pé ẹ ń lọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílé, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ọmọ.